Omi Tí Kò Létí

Ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà Ẹnjiníà kọ́kọ́ wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Kétu, mo rò pé lọ́rì ni mo fẹ́ lọ wọ̀n. Ó ní, "Ìyá Tapólì, ọ̀gá mi ní kí ẹ máa bọ̀ ní Ìkòsì. Nǹkan kan wà nílé wọn tí wọ́n fẹ́ bò."

Mo bi í bóyá lọ́rì tó ń kó yanrìn ni àbí èyí tó ń kó ẹrù oko. Ó rẹ́rìn-ín. "Kò ní táyà, mà. Ẹ ó rí i tí a bá débẹ̀."

Bí a ṣe ń lọ nínú ọkọ̀, mo ń rò ó. Kí ló lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé èèyàn, tí kò ní táyà, tí wọ́n fẹ́ bò bí ẹrù? Mo rò ó dé orí òkìtì sìmẹ́ǹtì, mo rò ó dé orí ilé tí atẹ́gùn ṣí òrùlé rẹ̀. Ìwà mi ni láti kékeré: bí wọ́n bá ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún mi, ara mi kì í balẹ̀ mọ́ títí n ó fi mọ ìdajì kejì.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Tapólì láti Kétu títí dé Mile 12 láwọn ọdún náà. Tapólì ni aṣọ líle tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù kí òjò má baà pa á. Ọkọ mi ń fi lọ́rì kó iṣu wá sí Èkó láti ìhà Ṣakí. Nígbà kan, òjò gba ibi tí tapólì rẹ̀ ti ya wọlé, ó ba iṣu jẹ́. Mo mú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò, mo lẹ ojú ibẹ̀ pa. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n kó tiwọn náà wá. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ di iṣẹ́, mo lọ bá Bàbá Gáfárù ní Mile 12, àgbà tó ti ń rán tapólì kí wọ́n tó bí mi, mo ní kí wọ́n kọ́ mi. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Obìnrin? Ṣé apá ẹ á lè fa okùn?"

"Ẹ fún mi lókùn ná, Bàbá."

Wọ́n fún mi. Mo fà á títí òpó tí wọ́n so ó mọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Wọ́n ní ó tó, kí n má fa ìsọ̀ àwọn lulẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìda oyin pa òwú kí omi má baà gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, àti bí a ṣe ń lu ojú idẹ, ìyẹn òrùka kékeré tí okùn ń gbà kọjá, sí etí aṣọ. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Tapólì kì í bá òjò jà. Ọ̀nà ló ń fi hàn án." Ìdí nìyẹn tí àárín ẹrù lọ́rì fi máa ń ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí omi lè rí ibi ṣàn sí.

Ilé Ẹnjiníà wà lórí ilẹ̀ gíga kan ní Ìkòsì, níbi tí ilé ńláńlá ti ń hù láàárín oko ẹ̀gẹ́ nígbà náà, torí owó epo ti dé. Dẹ́rẹ́bà mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Omi ni mo rí. Omi tó mọ́ bí ojú ọ̀run, nínú kòtò sìmẹ́ǹtì tó gùn ju lọ́rì méjì lọ. Mo ti ń gbọ́ pé àwọn òyìnbó ní irú adágún bẹ́ẹ̀ nílé ní Ìkòyí, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fojú rí i rí. Mo tẹ̀ síwájú kí n lè wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Dúró níbẹ̀ yẹn!"

Màmá àgbà kan ló pariwo mọ́ mi. Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí lẹ́bàá omi, nínú oòrùn, agboòrùn dúdú lórí wọn, ọ̀pá ọparun gígùn kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ta ni ẹ́?"

"Èmi ni wọ́n ní kó wá rán tapólì, mà."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Sún sẹ́yìn, jàre."

Mo sún sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí Ẹnjiníà fi jáde, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn, ẹsẹ̀ kan ń wọ́ tẹ̀lé èkejì. Ọkùnrin bí ẹni àádọ́ta ọdún ni wọ́n, ohùn wọn tutù. Wọ́n ní orí afárá kan tí àwọn ń kọ́ ni àwọn ti já bọ́, tí ìbàdí àwọn fi yẹ̀. Dókítà ní kí àwọn máa lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, pé omi ló máa dá agbára padà sí ẹsẹ̀ náà.

"Lórí ilẹ̀, Ìyá Tapólì, arúgbó ni mí," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọnú omi yìí, mò ń rìn bí mo ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ṣe mí."

"Ọmọ ńkọ́?" Màmá ló sọ̀rọ̀ láti orí àpótí wọn. "Ọmọ náà ńkọ́?"

Àṣé Màmá ni ìyá tó bí Ẹnjiníà. Ará Agboyi ni wọ́n, létí odò Ògùn. Ọmọ tí wọ́n ń sọ ni Àdùkẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹnjiníà bí, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyàwó Ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì tí gbogbo ilé ń pè ní Mummy Àdùkẹ́, ló gbé omi tútù wá fún mi, òun ló sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Màmá wá kí wọn, wọ́n ṣàdédé rí bàtà ọmọ náà, ẹyọ kan, tó léfòó lórí omi. Ẹnjiníà ju ọ̀pá nù, wọ́n bẹ́ sínú omi taṣọtaṣọ. Mummy Àdùkẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ bẹ́ tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń táràrà kiri ìsàlẹ̀ omi títí èémí fi fẹ́ẹ̀ tán nínú wọn. Àdùkẹ́ wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń fi àgbàdo bọ́ adìẹ, bàtà kan lẹ́sẹ̀.

"Látọjọ́ yẹn ni Màmá ò ti padà sí Agboyi mọ́," Mummy Àdùkẹ́ ní. "Bí ọmọ bá ti jí, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n máa jókòó sí títí ọmọ á fi sùn. A bẹ̀ wọ́n títí. Wọn ò gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu. Mo lọ bá Màmá, mo bi wọ́n pé ṣebí létí odò ni wọ́n ti tọ́ ọmọ tiwọn, kí ló dé tí omi inú ilé wá ń bà wọ́n lẹ́rù.

"Odò Ògùn létí," Màmá ní. "Ọmọ á kọ́kọ́ tẹ koríko, á tẹ ẹrẹ̀, omi á kàn án lọ́rùn ẹsẹ̀, á kàn án lórúnkún, kó tó di pé ó jìn. Ẹni tó wà nítòsí á ti rí i. Èyí kò létí. Ẹsẹ̀ kan wà lórí ilẹ̀, ìkejì ti wọ ibú. Omi tí kò létí, báwo ló ṣe máa gbọ́ igbe ọmọ?"

Wọ́n kọjú sí Ẹnjiníà. "Mo ti sọ tèmi. Ẹ fi yẹ̀pẹ̀ dí i, tàbí kí n gbé ọmọ mi lọ Agboyi."

Ẹnjiníà wo omi, wọ́n wo ìyá wọn. Mo rí i pé àwọn méjèèjì ló jàre, ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára nìyẹn. Iṣu tàbí ẹ̀wà ni mo ti ń gbà lọ́wọ́ òjò látẹ̀yìn wá. Èyí tí wọ́n gbé ka iwájú mi yìí, ẹsẹ̀ bàbá wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀.

"Ẹ bá mi bò ó," Ẹnjiníà ní, "bí ẹ ṣe ń bo lọ́rì."

Mo wọn ibẹ̀ yí ká, mo lọ rán tapólì tó nípọn jù lọ ní ìsọ̀ mi, mo lu ojú idẹ sí gbogbo etí rẹ̀. A kan irin mọ́lẹ̀, a fi okùn fà á. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Dẹ́rẹ́bà ní ó dà bíi pé kò sí omi níbẹ̀ rí. Inú mi dùn, mo kọjú sí Màmá.

"Ẹ ò ní wọlé lọ sinmi báyìí, Màmá?"

"Òjò ò tíì rọ̀," wọ́n ní.

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ká sòótọ́, ọkàn mi kò balẹ̀ pátápátá, torí mo mọ̀ pé adágún kò ní àárín tó ga bí ẹrù lọ́rì. Nígbà tí mo débẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àárín tapólì ti jìn wọlé, omi òjò ti kún inú rẹ̀, àwọn pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò sì ti gba ibẹ̀, ìyá àtàwọn ọmọ, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀.

Màmá fi ọ̀pá ọparun wọn tọ́ka sí wọn. "Ìyá Tapólì, omi kan ni mo ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀. O ti sọ ọ́ di méjì."

Dẹ́rẹ́bà yíjú sí ògiri kó lè rí ibi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọ̀pá wọn, wọ́n gbé etí tapólì sókè, wọ́n wo abẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ wá wò ó," wọ́n ní. "Bí ọmọ bá yọ́ gba ibí yìí wọlé, aṣọ á padà bò ó. Ta ló máa rí i?"

Ohun tí mo rò pé ó dára jù lára iṣẹ́ mi, pé kò jẹ́ kí omi hàn, òun gan-an ló burú jù. Ohun tí a fẹ́ fi bo omi yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òjò kọjá, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú kọjá, kó má sì jẹ́ kí ọmọ kọjá. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀. Irú aṣọ wo nìyẹn? N kò mọ̀. Mo tú tapólì mi, mo gbé e relé.

Ẹnjiníà ní ká fi ti ìbòrí sílẹ̀ ná, ká kọ́kọ́ ṣe ọgbà yí omi ká. Mo mọ jórinjórin kan, Múfú, ọmọ Ọ̀yọ́, tí ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Mo mú un wá. Ó yẹ kí n padà sídìí iṣẹ́ mi lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n n kò lè lọ. Bí ọwọ́ mi bá ti dilẹ̀ díẹ̀ báyìí, mo ti wà ní Ìkòsì. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa yọrí.

Múfú kì í ṣe iṣẹ́ lásán. Ó jó ọgbà irin tó ga dé àyà mi, irin ìdábùú tẹ̀lé irin ìdábùú láti ìsàlẹ̀ dókè, ó fi òdòdó irin sáàárín wọn, ó fi ẹyẹ lé e lórí, ó kùn ún ní funfun. Nígbà tó parí, ó sún sẹ́yìn, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó ti ń wò ó ni Àdùkẹ́ ti jáde láti inú ilé. Ọmọ náà dúró lábẹ́ ọgbà, ó wo òkè, ó fẹsẹ̀ lé ìdábùú àkọ́kọ́, ó di òdòdó mú. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ó ti dókè, ó ti ju ẹsẹ̀ kan sọdá, ó jókòó lórí ẹyẹ irin bí ẹni gun ẹṣin, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wa.

Àtìgbà tí mo ti mọ Màmá, n kò rí i kí wọ́n sáré bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n já ọmọ náà gbà sílẹ̀, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n so ọ̀já pinpin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó yíjú sí Múfú.

"Ọgbà ni wọ́n ní kó o ṣe. Àkàsọ̀ lo ṣe."

Ojú Múfú wọlẹ̀. "Ẹ máa bínú, Màmá. Olè ni mo máa ń ṣe ọgbà dè. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ọmọ ni olè ibí yìí."

Ìgbà náà ni gbogbo wa jókòó yí ibẹ̀ ká, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ ọdún méjì ṣe ń wò ó. Ẹnjiníà fi ọ̀pá wọn yàwòrán sórí yẹ̀pẹ̀: gbogbo irin á dúró lóòró, ìdábùú á wà lókè pátápátá àti nísàlẹ̀ pátápátá nìkan, kó má sí ibi tí ẹsẹ̀ kékeré á dúró lé. Múfú bi wá pé báwo ni irin kan ṣe máa jìnnà sí èkejì. Màmá di ọwọ́ wọn, wọ́n na ìkúùkù náà sí i. "Bí èyí bá ti lè kọjá, o ti fẹ̀ ẹ́ jù." Ìkúùkù Màmá ni Múfú fi wọn gbogbo rẹ̀. Bó bá ti jó irin méjì, á ní, "Ẹ bá mi wò ó, Màmá," Màmá á sì dìde lọ tì í bọ̀ ọ́. Mummy Àdùkẹ́ ló rí ohun tí gbogbo wa kò rí: ìkòkò òdòdó tí wọ́n tò sẹ́bàá ọgbà, àti àga tí wọ́n fi ń sinmi. Ó ní bí ọgbà ò bá ṣe é gùn, àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe é gùn. A gbé gbogbo rẹ̀ jìnnà.

Géètì ló pẹ́ jù. Lọ́jọ́ kejì tí Múfú gbé e kọ́, alásè wọn ń gbé oúnjẹ lọ fún Màmá, ọwọ́ rẹ̀ kún, ó fi òkúta dá géètì dúró, ó sì gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a wí, torí kò sí ẹni tí kò lè ṣe irú rẹ̀ nínú wa. Ẹnjiníà ní géètì tó ń dúró de èèyàn kó tó tì kì í ṣe géètì, pé ó gbọ́dọ̀ máa ti ara rẹ̀. Múfú wá sípíríìnì ọkọ̀ kan tó ti gbó, ó fi sí i. A ṣí i, a fi sílẹ̀, ó padà lọ gbá òpó gbàgà. Ẹnjiníà tún ní kí ó máa ṣí síta, kó má ṣí sí ìhà omi. Mo bi wọ́n nídìí.

"Bí ìkọ́ rẹ̀ bá já lọ́jọ́ kan," wọ́n ní, "tí ọmọ wá fara tì í láti ìta, ṣe ni á máa tì í pa."

Mo fọwọ́ tì í wò. Bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan kékeré báyìí, mo tún tì í lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ó dùn mọ́ mi.

Ó wá ku bí a ṣe máa ṣe ìkọ́ náà. Bó bá le jù, Ẹnjiníà tó ń fi ọwọ́ kan di ọ̀pá kò ní lè ṣí i. Bó bá rọ̀ jù, ọmọ á ṣí i. Múfú ṣe é, ó tú u, ó tún un ṣe. Níkẹyìn, ó gbé e sókè pátápátá, ní ìhà omi, tó fi jẹ́ pé èèyàn á na ọwọ́ kọjá orí géètì, á fà á sókè kó tó lè ṣí. Ẹnjiníà fi ọ̀pá kọ́ apá, wọ́n fi ọwọ́ kan ṣí i, wọ́n wọlé, géètì ti ara rẹ̀ lẹ́yìn wọn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Màmá padà sórí àpótí wọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló tún kù?" Ẹnjiníà bi wọ́n. Ó ti rẹ̀ wọ́n, mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn.

"Irin máa ń dógùn-ún," Màmá ní. "Èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ lọ́jọ́ kan, kí ló tún máa mú un?" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyá Tapólì, aṣọ tí òjò ń kọjá nínú rẹ̀ lo ní ò ń wá. Ṣé àwọ̀n kọ́ nìyẹn?"

Mo gbé ọwọ́ lé orí. Mo ti ń wá aṣọ kiri láti ọjọ́ yìí wá, ó sì jẹ́ pé ọmọ odò ló jókòó síwájú mi.

Àbúrò Màmá, Bàbá Súlè, ń hun àwọ̀n ní Agboyi. Èmi àti Màmá la jọ lọ. Ẹnjiníà fúnra wọn ló jókòó sórí àpótí lọ́jọ́ náà, kí Màmá tó gbà láti kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ onígi ló gbé wa sọdá. Mo di etí ọkọ̀ mú ṣinṣin, Màmá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo rí odò létí lóòótọ́ lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń fi ẹrẹ̀ àti koríko bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí Màmá ṣe sọ ọ́.

Bàbá Súlè gbọ́ ohun tí a bá wá, wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Irú ẹja wo lẹ fẹ́ pa?"

"A ò fẹ́ pa ẹja," Màmá ní. "A ò fẹ́ kí nǹkan kan bọ́ sómi ni."

Bàbá Súlè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Látọjọ́ tí mo ti ń hun àwọ̀n, ohun tó wà nínú omi ni mo ń fi gbé jáde. Èyí tí kò ní jẹ́ kí nǹkan wọ omi, n kò hun irú ẹ̀ rí." Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú wọn ti ń tàn. Wọ́n bi wá bí omi náà ṣe gùn tó, wọ́n bi wá bí ọmọ náà ṣe wúwo tó. Wọ́n ní okùn ọ̀rá tó nípọn ni àwọn máa lò, èyí tí kì í rà, ojú rẹ̀ á sì há débi pé ẹsẹ̀ ọmọ kò ní bọ́ sí i. Èmi máa fi aṣọ tapólì gbá etí rẹ̀ yí ká, màá lu ojú idẹ sí i, kó lè ṣe é fà.

Nígbà tó parí, a nà án sórí omi. Múfú ti ri ìkọ́ irin mọ́ sìmẹ́ǹtì nílẹ̀. Bàbá Súlè fúnra wọn wá wò ó. A bu yanrìn sínú àpò kan títí ó fi wúwo tó Àdùkẹ́, dẹ́rẹ́bà jù ú sórí àwọ̀n. Àwọ̀n mú un. Ṣùgbọ́n ó dẹ̀, ó ń dẹ̀, àpò wọ abẹ́ omi tán pátápátá, ó dúró síbẹ̀. Gbogbo wa ló mọ ohun tí à ń wò.

"Kì í ṣe àwọ̀n," Bàbá Súlè ní pẹ̀lẹ́. "Okùn ló dẹ̀."

Ìyẹn ni mo mọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní igi kúkúrú. Bí awakọ̀ bá fẹ́ kí okùn ẹrù le, á ti igi bọ àárín okùn méjì, á máa lọ́ ọ títí okùn á fi máa ké. Mo lọ́ okùn ìkọ́ kìíní, mo lọ́ ti ìkejì, mo yí adágún náà ká bẹ́ẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo parí, bí a bá fi ìka ta àwọ̀n náà, ó ń dún. A tún ju àpò sí i. Ó ta sókè díẹ̀, ó balẹ̀, ó dúró lókè omi. Omi kò kàn án.

Mo yíjú láti wo Màmá, n kò rí wọn lórí àpótí. Wọ́n ti ká ìró wọn dé orúnkún, wọ́n ti fẹsẹ̀ kan lé àwọ̀n.

"Màmá!" Ẹnjiníà kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá!"

"Kì í ṣe yanrìn ni ọmọ mi," Màmá ní, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ kejì lé e.

Wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún rìn dé àárín, wọ́n jókòó síbẹ̀. Àwọ̀n dẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ wọn, okùn ń ké, mo fi gbogbo ara di igi tó wà lọ́wọ́ mi mú bíi pé èmi nìkan ló gbé wọn dúró. Omi kan ìdí ìró wọn, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Màmá wo ìsàlẹ̀ omi láti ojú àwọ̀n. Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹnjiníà ti ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n ti dúró létí sìmẹ́ǹtì bí ẹni tó fẹ́ bẹ́.

"Ó ṣe é sùn sí," Màmá ní.

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín àti ẹkún ni. Mummy Àdùkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú.

Ẹnjiníà kọ́ wa ní ohun kan sí i kí a tó tú ká. Wọ́n ní bí wọ́n bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, gbogbo àwọ̀n ni kí wọ́n ká kúrò, kí wọ́n má ṣí ìdajì, torí ẹni tó bá gba abẹ́ ìdajì tó kù lọ lè má rí ọ̀nà jáde. Ìyẹn kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo rán okùn pupa sí etí rẹ̀ níbi tí wọ́n á ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Màmá ní àwọn náà ní ọ̀rọ̀ kan: ìgbà tí omi bá ṣí sílẹ̀, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. "Ọgbà ń ran ojú lọ́wọ́ ni," wọ́n ní. "Kì í ṣe ojú."

Nígbà tí mo tún lọ síbẹ̀ láti wo bí okùn ṣe ń ṣe, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Alásè gbé ìka lé ẹnu fún mi. Ó ní Màmá ń sùn. Ọ̀sán gangan ni. Àdùkẹ́ ń ṣeré lábẹ́ ìbòòji, Mummy Àdùkẹ́ ń wò ó, gbogbo ilé ń rìn lórí ìka ẹsẹ̀ kí wọ́n má baà jí Màmá. Èmi náà bọ́ bàtà mi, mo yẹ ìkọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì padà lọ láìsọ̀rọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni Màmá padà sí Agboyi, ọwọ́ òfo ni wọ́n sì fi lọ, wọn ò gbé ọmọ kankan dání.

Iṣẹ́ náà ló sọ mí di ẹni tí wọ́n ń wá kiri nítorí omi. Mo ń rán tapólì lọ́rì lọ, ṣùgbọ́n lóòrèkóòrè, ẹnì kan á yà ní ìsọ̀ mi, á ní òun gbọ́ nípa ilé Ẹnjiníà. Ẹni àkọ́kọ́ ni Alhaji kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Ìṣẹrí Olówóra.

"Ìyá Tapólì, mo gbọ́ pé ẹ ń bo omi. Èyí tó bá yá ni kí ẹ ṣe fún mi, ọgbà ni o, àwọ̀n ni o. Kó ṣáà lẹ́wà."

"Ta ló ń gbé nílé yín, Alhaji?"

"Èmi àti ìyàwó mi. Àwọn ọmọ wa ti dàgbà, kálukú ti wà nílé ọkọ àti nílé ara rẹ̀. Kò sí ọmọ kékeré lọ́dọ̀ wa."

"Ọmọ aládùúgbò ńkọ́, sà?"

"Ọgbà wa ga."

"Ọmọ-ọmọ yín ńkọ́?"

Alhaji wo ojú títì tí lọ́rì ń gbà kọjá, wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n tún un dé.

"Méje ni wọ́n," wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti máa ń ṣọdún Iléyá."

Mo ti ìsọ̀ mi, mo ké sí Múfú, a jọ lọ wo omi náà.